Baba Ọ̀yà, Ìjàpá àti Oko Kajú

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, kò dá lé ọba, kò dá lé ìjòyè, ó dá lé Baba Ọ̀yà olóko kajú, ó dá lé Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo. Bí ẹnikẹ́ni bá jókòó síbí tí ó rò pé òun ni mò ń bá wí, kí ó má bínú, kí ó bá wa gbe orin. Ègbè tòní kò le. "Kajú, rọra so." Ẹ gbè é wò.

Kajú, rọra so!

Ó dára bẹ́ẹ̀.

Ní ayé àtijọ́ kan tí kò tíì pẹ́ púpọ̀, nígbà tí àwọn ẹranko ti ń lo fóònù, Baba Ọ̀yà ń gbé ní Kika. Kì í ṣe Kika ibòmíràn. Kika tiwa yìí ni, ọ̀kan nínú arọ́ńdísímáǹ méje tí ó wà lábẹ́ Tchaourou, ní apá ibi tí ẹnubodè Nàìjíríà wà. Ẹ má bi mí pé báwo ni ọ̀yà ṣe di àgbẹ̀, ọ̀yà tí a mọ̀ tí ó ń jẹ àgbàdo olóko. Inú àlọ́ ni a wà. Àti pé mo ti rí ẹni tí ó jẹ oko olóko títí tí òun náà fi di olóko.

Ọkọ́ kan àti àdá kan ni Baba Ọ̀yà mú wá. Ilẹ̀ wà nígbà náà. Ní gbogbo ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kò sí kọ́múùnù tí ó fẹ̀ tó Tchaourou. Ó ṣán igbó. Ó sun ún. Ó kọ ebè. Ó gbin iṣu Laboko tí a ń wà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ó jẹ díẹ̀, ó kó ìyókù lọ sí Parakú. Ó gbin iṣu Kokoro, ó bó o, ó bọ̀ ọ́, ó sá a sóòrùn, ó di gbodo. Àwọn ẹlẹ́lùbọ́ kọjá odò Ọ̀pàrà wá rà á. Nígbà tí owó gbodo wọlé, ó gbin kajú sáàárín ebè. Ọdún kìíní, kajú dé orúnkún. Ọdún kejì, ó dé àyà. Ọdún kẹta wọ ìkẹrin, ó bẹ̀rẹ̀ sí so. Láti ìgbà náà, bí oṣù kejì bá ti wọlé, àwọn tó ń ra kajú a gbé òṣùwọ̀n wọn wá sábẹ́ igi, owó a sì máa wọlé títí òjò yóò fi balẹ̀.

Baba Ọ̀yà bí ọkùnrin mẹ́ta, ó bí obìnrin kan. Àkọ́bí lọ sí Kútọnu, ó ń ta ike ní ọjà Dàǹtọkpa. Èkejì ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, Parakú sí Malanville, Malanville sí Parakú. Ẹ̀kẹta kọjá Ọ̀pàrà, ó ń bá wọn mọlé ní Ṣakí. Àbẹ̀kẹ́ ni orúkọ ọmọbìnrin. Ọkọ rẹ̀ kú, ó kó ọmọ méjì wá sílé baba rẹ̀, ó mú ọkọ́, kò sì gbé e sílẹ̀ mọ́.

Baba Ọ̀yà dàgbà. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀. Àwọn ènìyàn, àwọn ẹranko ni mo fẹ́ wí, bẹ̀rẹ̀ sí bi í pé, "Baba, ta ni yóò gba oko yìí lọ́wọ́ yín?" Baba a rẹ́rìn-ín.

Bí Àkọ́bí bá wálé ọdún, tí ó gbé ṣúgà àti rédíò wá, Baba a fà á lọ́wọ́ lọ sẹ́yìnkùlé, a rọra wí pé, "Ọmọ mi, ìwọ náà mọ ohun tí ó wà lọ́kàn mi."

Bí èkejì bá já wálé, tí ó gbé ṣúgà àti àlùbọ́sà Malanville wá, Baba a fà á lọ́wọ́ lọ sẹ́yìnkùlé, a rọra wí pé, "Ọmọ mi, ìwọ náà mọ ohun tí ó wà lọ́kàn mi."

Bí ẹ̀kẹta bá ti Ṣakí dé, tí ó gbé ṣúgà àti ọṣẹ wá, ẹ̀yìnkùlé náà ni. "Ọmọ mi, ìwọ náà mọ ohun tí ó wà lọ́kàn mi."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà pé àwọn mọ̀ ọ́n. Ẹ wo ọgbọ́n àgbà! Gbólóhùn kan, ṣúgà mẹ́ta. Baba Ọ̀yà ti ṣàkíyèsí pé ẹni tí kò tíì pín ogún ni gbogbo ọmọ ń jí kí. Baba Ìkún tí ó wà nítòsí ti pín tirẹ̀ lójú ayé. Ọmọ tí ó gbà kò wá mọ́, nítorí pé ó ti gbà. Ọmọ tí kò gbà kò wá mọ́, nítorí pé kò gbà. Baba Ìkún ń dá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ọ̀nà. Baba Ọ̀yà rí èyí, ó pa ẹnu mọ́.

Àbẹ̀kẹ́ nìkan ni a kò fà lọ sẹ́yìnkùlé. Ẹ̀yìnkùlé ni ó ti ń ṣiṣẹ́.

Ní ọdún kan, ó wá bá Baba. Ó ní, "Baba, igi ti fún jù. Ẹ̀ka ti wọnú ẹ̀ka. Oòrùn kò kan ilẹ̀ mọ́. Kajú tí mo ṣà lọ́dún yìí kò tó ti èṣí. Ẹ jẹ́ ká gé ọ̀kan, ká dá ọ̀kan sí."

Baba ní, "Dúró de ẹ̀gbọ́n rẹ."

"Èwo nínú wọn?"

Baba rẹ́rìn-ín.

Ó tún wá. Ó ní, "Baba, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ yẹn ti sinmi tó. Ẹ jẹ́ ká gbin sóyà sí i." Baba ní, "Dúró de ẹ̀gbọ́n rẹ." Ó pe Àkọ́bí lórí fóònù, Àkọ́bí ní, "Má fọwọ́ kan igi mi." Ó pe èkejì, èkejì ní, "Má fọwọ́ kan igi mi." Ó pe ẹ̀kẹta. Ẹ mọ ohun tí ẹ̀kẹta wí. Oko kan, olóko mẹ́ta, kò sì sí ẹni tí ó lè ní kí a gé ẹ̀ka kan. Oko tí ó ń fẹ̀ lọ́dọọdún wá dúró gbagidi. Igi ń ga, èso ń dín. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ hu eèsún.

Ibẹ̀ ni Ìjàpá gbà wọlé.

Ó dé ní ọ̀gbẹlẹ̀, òun, ẹní rẹ̀ àti Yánníbo. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Baba mi, ẹ yá mi ní ilẹ̀ díẹ̀, kí n fi gbin ẹ̀gẹ́ fún Yánníbo." Baba pe àwọn tí wọ́n bá a pààlà kí ọ̀rọ̀ má baà ku sọ́wọ́ ẹnì kan: Túùkú láti gúúsù, Ẹtù láti ìlà-oòrùn, Ẹfọ̀n láti àríwá. Ó ní, "Ìjàpá, o mọ òfin wa?" Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Àlejò tí a yá ní ilẹ̀ lágbègbè wa, ó lè gbin iṣu, ó lè gbin àgbàdo, ó lè gbin ẹ̀gẹ́. Kò gbọdọ̀ gbin igi. Iṣu a tán láàárín ọdún. Igi a máa pẹ́ ju ẹni tí ó rántí àdéhùn lọ. Ẹni tí ó bá gbin igi sílẹ̀ onílẹ̀, ara rẹ̀ ni ó gbìn síbẹ̀.

Ìjàpá fọwọ́ sórí. "Igi kẹ̀? Kí ni n ó fi igi ṣe, èmi tí n kò lè gun igi?"

Túùkú rẹ́rìn-ín. Ẹtù rẹ́rìn-ín. Ẹfọ̀n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n fún Ìjàpá ní ilẹ̀.

Ìjàpá jókòó, ó ń wo ilé. Ó ka ṣúgà. Ó ka rédíò. Ó gbọ́ "Ọmọ mi, ìwọ náà mọ" lẹ́ẹ̀kan. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kẹta, ara rẹ̀ yá. Ó wí nínú ara rẹ̀ pé, "Baba yìí ń tajà, kò sì mọ iye tí ọjà rẹ̀ tó." Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó gbé àpótí súnmọ́ Baba, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọrin:

Baba Ọ̀yà, gbọ́ tèmi,
Kajú, rọra so.
Má pín oko lójú ayé,
Kajú, rọra so.
Ẹni pín oko lójú ayé,
Kajú, rọra so.
Ikú a gbọ́, a mú ọ̀pá,
Kajú, rọra so.
A ní, "Ṣé o ti parí iṣẹ́?"
Kajú, rọra so.

Inú Baba dùn dé ìdí. Ohun tí ojú ń tì í láti sọ pé òun kò fẹ́ ṣe, Ìjàpá ti sọ ọ́ di èèwọ̀ fún un. Ta ni kò fẹ́ irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀? Láti ọjọ́ náà, ẹni tí ó bá bèèrè ọ̀rọ̀ oko, Baba a ní, "Ẹ lọ bá Ìjàpá. Òun ni ó mọ̀wé."

Òótọ́ ni pé Ìjàpá mọ̀wé díẹ̀. Ó ti jókòó púpọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bírò arọ́ńdísímáǹ. Ó ti gbọ́ Faransé mẹ́rin níbẹ̀: cachet tí í ṣe òǹtẹ̀, timbre, signature, àti revenez demain, ìyẹn ni pé kí o padà wá lọ́la. Èyí tí ó kẹ́yìn ni ó kọ́kọ́ mọ̀. Ibẹ̀ náà ni ó ti gbọ́ pé àwọn ọmọ ènìyàn kọ òfin ilẹ̀ tuntun ní Bẹ̀nẹ̀ ní 14 oṣù kẹjọ ọdún 2013, àti pé ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ìbílẹ̀, tí kò ní ìwé kankan, lè gba ìwé ẹ̀rí pé ọwọ́ òun ni ilẹ̀ náà wà. Òfin tí ó dára ni. Ìjàpá fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn tí wọ́n kọ ọ́ lọ.

Ó pe Kútọnu lórí fóònù. Ó rẹ ohùn sílẹ̀:

Àkọ́bí Ọ̀yà, ìwọ ni,
Kajú, rọra so.
Ìwọ ni baba dárúkọ,
Kajú, rọra so.
Má jẹ́ kí àbúrò gbọ́,
Kajú, rọra so.
Ilẹ̀ ń fẹ́ ìwé, ìwé ń fẹ́ owó,
Kajú, rọra so.
Fi ránṣẹ́, n ó bá ọ gbà á,
Kajú, rọra so.

Kí orin tó tán, fóònù Ìjàpá ti dún: 50,000 sẹ́fà. Ó pe Parakú. "Èkejì Ọ̀yà, ìwọ ni. Má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n gbọ́." Fóònù dún. Ó pe Ṣakí. "Ẹ̀kẹta Ọ̀yà, ìwọ ni. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́." Ẹ̀kẹta ní náírà ni ó wà lọ́wọ́ òun. Ìjàpá ní Baba kò kórìíra náírà.

Àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta, kò sí ẹni tí ó pe èkejì rẹ̀ fún ọdún gbáko. Olúkúlùkù ń fi ayọ̀ rẹ̀ pamọ́ fún àwọn yòókù. Ìjàpá kò nílò láti pín wọn níyà. Baba ti bá a ṣe èyí.

Ó ku ìwé. Ìjàpá mú iṣu Kokoro kan, ó gé e sí méjì, ó gbẹ́ erin sójú rẹ̀, ó gbẹ́ ìràwọ̀ lé e lórí, ó tẹ̀ ẹ́ bọ yíǹkì. Cachet dé. Ó lu ti Àkọ́bí lọ́jọ́ ọjà. Ó lu ti èkejì nígbà tí oṣù lé. Ó lu ti ẹ̀kẹta lẹ́yìn ìkórè. Ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ ohun kan náà: ẹni tí ó mú mi lọ́wọ́ ni ó ni oko. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ní lẹ́tà tí ojú àgbà kò lè rí, ó kọ ọ́ pé Ìjàpá ni alábòójútó títí ayé.

Kí ni ó fi owó ṣe? Ó háyà Òkété mẹ́fà. Òkété kì í ṣiṣẹ́ ọ̀sán, Ìjàpá kò sì fẹ́ iṣẹ́ ọ̀sán. Ní òru, wọ́n ń gbẹ́ ihò. Ní òru, wọ́n ń ju kóró sínú ihò. Ewé ẹ̀gẹ́ bò ó. Nígbà tí ilẹ̀ ẹ̀gẹ́ kún, wọ́n kọjá sí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ tí Àbẹ̀kẹ́ fẹ́ fi gbin sóyà. Eèsún bò ó.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Àbẹ̀kẹ́ lọ já ewé ẹ̀gẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ ya igi ẹ̀gẹ́ sọ́tọ̀. Ó rí ewé kan nísàlẹ̀ tí kì í ṣe ewé ẹ̀gẹ́. Ó ń dán, ó pọ́n díẹ̀, orí rẹ̀ ṣe róbótó. Ó fi ìka tú iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀. Èèpo kóró kajú wà níbẹ̀, ó ti là sí méjì. Ó wo iwájú, ó rí òmíràn. Ó wo ẹ̀gbẹ́, ó rí òmíràn. Wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ títí lọ.

Ó sáré lọ bá Baba. "Baba, Ìjàpá ti gbin igi."

Baba ní, "Àbẹ̀kẹ́, dákẹ́. Ilé ọkọ ni ilé obìnrin. Ìjàpá ni ó mọ̀wé."

Ẹlòmíràn ì bá lọ fa gbogbo rẹ̀ tu. Àbẹ̀kẹ́ kò fa ọ̀kan tu. Kajú ni. Àgbẹ̀ wo ní ń fa kajú tu? Ó mú ọkọ́, ó gba ẹ̀bá ààlà lọ. Ibi tí pèrègún ti kú, ó gbin òmíràn. Ní àkókò iṣu tuntun, ó ru Laboko méjì lọ fún Túùkú, ó ní, "Baba mi, ẹ jẹ́ ká jọ rin ààlà wa wò." Wọ́n rìn ín. Ó ru méjì lọ fún Ẹtù. Wọ́n rìn ín. Ó ru mẹ́ta lọ fún Ẹfọ̀n, nítorí pé ikùn Ẹfọ̀n tóbi. Wọ́n rìn ín. Lọ́dún kejì ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Kò pariwo. Ìjàpá ń wò ó láti orí ẹní, ó ń fi í rẹ́rìn-ín pé ó ń fi iṣu ṣòfò.

Ojúkòkòrò kì í sinmi. Láti 1 oṣù kẹrin ọdún 2024, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má kó kajú tí a kò tíì fọ́ jáde lórílẹ̀-èdè mọ́. Kí a fọ́ ọ nílé, kí iṣẹ́ rẹ̀ kù sílé, ní irú àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tí wọ́n kọ́ sí Glo-Djigbé. Ìjàpá gbọ́ ìròyìn yìí nínú rédíò Àkọ́bí. Ó wọlé tọ Baba, ó káwọ́ lérí. "Baba, a gbé! Ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé kajú. Kò sí ẹni tí yóò rà á mọ́. Ẹ kó o fún mi, kí n bá yín wá ibi dà á nù." Baba ní kí wọ́n kó o fún un. Kajú tí a dà nù yìí, òru ni ó ń rìn. Ìlà-oòrùn ni ó kọjú sí. Ó sì mọ ibi tí omi Ọ̀pàrà kò ti mu jù. Èmi dákẹ́ níbẹ̀ o. N kò sí létí odò.

Ó ṣẹlẹ̀ pé àwọn awọnlẹ̀ ń bọ̀ wá sí Kika. Lékeléke ni wọ́n. Aṣọ funfun, ọrùn gígùn, wọ́n ń tò lẹ́yìn ara wọn gba inú oko kọjá, wọ́n ń fa okùn, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìlànà wọn kò ṣòro. Olóko yóò rin ààlà rẹ̀ lójú wọn. Ẹni tí ó bá a pààlà yóò wí pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọn yóò lẹ orúkọ mọ́ ògiri, kí ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn wá sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ìwé.

Ìjàpá kò sọ fún ọmọ kankan. Ó ra fìlà tuntun. Ó fẹ́ dá rin ààlà.

Àbẹ̀kẹ́ náà ní fóònù. Kékeré ni, gíláàsì rẹ̀ ti fọ́. Ó fi ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ sí Kútọnu, sí Parakú, sí Ṣakí: "Àwọn awọnlẹ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Baba ní kí ọmọ tí ó mọ ohun tí ó wà lọ́kàn òun wá dúró sí ààlà."

Lọ́jọ́ Ajé, kí ìrì tó gbẹ, Àkọ́bí ti dé, ó wọ agbádá. Èkejì dé, ó wọ agbádá. Ẹ̀kẹta sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù, agbádá.

"Kí lo wá ṣe?"

"Ìwọ ńkọ́, kí lo wá ṣe?"

"Èmi ni mo ni oko."

"Oko ta?"

Ìwé yọ. Ìwé mẹ́ta. Olórí Lékeléke gbà wọ́n, ó tò wọ́n sórí àpótí, ó na ọrùn. Ó wo erin tí ó wà lórí ìwé Àkọ́bí: erin ńlá. Ó wo ti èkejì: erin ti súnkì. Ó wo ti ẹ̀kẹta: erin ti kéré, imú rẹ̀ ti ká, ìràwọ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Iṣu tí a gé tí a fi sí àjà láti ọdún dé ọdún, ẹ̀yin náà mọ bí ó ṣe ń gbẹ.

"Ìjàpá, kí ni a ń pe èyí?"

Ìjàpá kò mikàn. "Baba erin, ìyá erin, ọmọ erin. Cachet ìdílé ni."

Bí mo bá ní ẹ má rẹ́rìn-ín, irọ́ ni mo pa. Lékeléke pàápàá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ó dáa, kí Ìjàpá alábòójútó títí ayé rin ààlà hàn wọ́n. Àbẹ̀kẹ́ so tòbí rẹ̀ le, ó bọ́ síwájú, ó gbé orin:

Túùkú, ta lo bá pààlà?
Kajú, rọra so.
Ta ní ń tún pèrègún gbìn?
Kajú, rọra so.
Ta ní ru Laboko wá?
Kajú, rọra so.
Ìjàpá, ààlà ọ̀hún dà?
Kajú, rọra so.
Fi hàn kí oòrùn tó wọ̀,
Kajú, rọra so.

Túùkú ní, "Àbẹ̀kẹ́ ni mo bá pààlà." Ẹtù ní, "Àbẹ̀kẹ́." Ẹfọ̀n ní, "Àbẹ̀kẹ́," ó sì bèèrè bóyá iṣu kù. Ìjàpá ṣì wà ní igun kìíní. Ó ń rìn, ó ń làágùn, ó ń tọ́ka. Ó tọ́ka sí igi ẹmi Ẹtù, ó ní ààlà ni. Ó tọ́ka sí òkìtì ọ̀gán, ó ní ààlà ni. Ó tọ́ka sí agbádá Àkọ́bí tí ó dúró lókèèrè, ó ní ààlà ni. Oòrùn kàn án lórí. Nígbà tí ó rí i pé kò ṣeé ṣe mọ́, ó pariwo: "Igi ńkọ́? Ta ló gbin kajú inú ẹ̀gẹ́? Ta ló gbin kajú ilẹ̀ ìsàlẹ̀? Ẹni tó gbin igi ló ni ilẹ̀!"

Ẹfọ̀n gbóhùn sókè. "Igi kẹ̀? Kí ni n ó fi igi ṣe, èmi tí n kò lè gun igi?"

Gbogbo wọn ló rántí. Ìjàpá fa ọrùn wọlé.

Ariwo yìí ni ó jí àwọn Òkété. Wọ́n jáde láti inú ihò, wọ́n ń ṣẹ́jú nínú oòrùn. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé wọ́n ń wá ẹni tí ó gbin igi. Àwọn ni. Wọ́n ní láti ọdún kejì, revenez demain ni Ìjàpá ń san fún àwọn. Olórí Lékeléke wá ṣírò rẹ̀: owó àwọn ọmọ ni ó ra kóró, ilẹ̀ baba ni ó gbé e, ewé Yánníbo ni ó bò ó, làálàá rẹ̀ sì jẹ́ ti Òkété. Ó wá ipa Ìjàpá títí, kò rí i.

Wọ́n dé igun kẹrin. Kò sí pèrègún níbẹ̀. Òkété ti hú u ní òru kan nípa àṣẹ ọ̀gá wọn. Lékeléke ní àwọn kò lè wọn igun tí kò ní àmì. Òkété mẹ́fà wo ara wọn. Wọ́n gbé Ìjàpá, wọ́n dà á dé ẹ̀yìn, wọ́n ri ìdajì rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lékeléke na okùn kàn án. Ó kọ ọ́ sínú ìwé: *Igun kẹrin, òkúta dúdú, ó ń mí.*

Ó wá ku orúkọ olóko. Lékeléke kọjú sí Baba. "Baba, orúkọ ta ni ká kọ?"

Baba Ọ̀yà wo Àkọ́bí. Ó wo èkejì. Ó wo ẹ̀kẹta. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ó wà..."

"A ò mọ̀ ọ́n!" Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa ohùn pọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan láti kékeré.

Baba dákẹ́. Ó pẹ́. Nígbà tí yóò sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò jáde tán. "Bí mo bá dárúkọ ẹnì kan, ta ni yóò máa jí kí mi?"

Àbẹ̀kẹ́ ní, "Ta ló ń jí kí yín láti ọjọ́ yìí?"

Baba kò rí èsì. Wọ́n jókòó sábẹ́ kajú títí alẹ́ fi lẹ́, wọ́n jà, wọ́n rẹ́, wọ́n tún jà. Nígbà tí ó yá, wọ́n ní kí Lékeléke kọ ọ́ báyìí: ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí, a kò gbọdọ̀ tà á, ẹni tí ó wà lóko ni yóò máa pàṣẹ oko, ẹni tí ó wà lókèèrè yóò máa gba ìpín, kò ní máa gbé ìpinnu, ọmọ tí ó bá fẹ́ padà wálé, kí ó mú ọkọ́ dání, kì í ṣe agbádá. Wọ́n ní kí a san owó Òkété kí a tó pín kọ́bọ̀. Àkọ́bí ló kùn. Ó ní a kò rí i rí kí obìnrin máa pàṣẹ ilẹ̀. Lékeléke ní òfin ẹbí tí àwọn ọmọ ènìyàn fọwọ́ sí ní Bẹ̀nẹ̀ ní 24 oṣù kẹjọ ọdún 2004 kò bi ọmọ léèrè akọ tàbí abo kí ó tó jogún. Àkọ́bí ní òun kì í ṣe ọmọ ènìyàn. Ìyẹn náà jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ó fọwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ kejì, Àbẹ̀kẹ́ mú àáké. Ó gé ọ̀kan, ó dá ọ̀kan sí. Gbogbo ìró àáké ni ó ń dun Baba nínú. Nígbà tí ọdún pé, àwọn ọkùnrin wálé gba ìpín, kò sí ẹni tí ó ru ṣúgà. Ọjọ́ mẹ́ta ni Baba fi mu ògì lásán kí Àbẹ̀kẹ́ tó rántí rà á wá láti ọjà.

Lékeléke lẹ orúkọ mọ́ ògiri bí ìlànà ti wí. Wọ́n dúró de ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn. Túùkú kò wá. Ẹtù kò wá. Ìwé ẹ̀sùn kan ṣoṣo ni ó wọlé, Yánníbo ni ó gbé e wá. Ìjàpá ni ó kọ ọ́. Ó ní wọ́n sọ òun di òkúta ààlà láìbi òun léèrè. Ó ní òun kò bá wọn jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n òkúta ààlà wà lápá ibí, ó sì wà lápá ọ̀hún, nítorí náà òun ń bèèrè ìpín nínú oko méjèèjì.

Àwọn Lékeléke kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n lù ú ní cachet. Wọ́n ní kí ó padà wá lọ́la.